Màlúù tí kò bímọ, ẹja tí wọ́n mú tí wọn kò jẹ: Ìgbà wo ni ìwádìí onímọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn àti iṣẹ́ ìròyìn sọ, lórí ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn àti ẹja ní Nàìjíríà àti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà.



Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí onímọ̀ àti ìwúlò rẹ̀ fún ará ìlú. Èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Akọ̀ròyìn ni mí, ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ni mo kà ní yunifásítì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ màlúù mẹ́rin tó dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Zaria ni wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Bí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé l'Ókè Ọya ṣe máa ń ṣe, wọ́n ra abo màlúù mẹ́rin, wọ́n sì fà á lé Fúlàní darandaran kan lọ́wọ́ lẹ́yìn ìlú. Àdéhùn wọn ni pé darandaran náà ni yóò máa fún wàrà, tí màlúù bá sì ti ń bímọ, òun náà yóò ní ìpín tirẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ kọjá, kò sí ọmọ màlúù. Lọ́dún kejì, wọ́n bí ẹyọ kan, ó sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dún kẹta, òfo ni. Darandaran náà ń sọ pé oyún ló ń wálẹ̀ lára wọn. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Àwa tí a wà nílé ń tẹ Bàbá Kékeré láago pé, "Ẹ jẹ́ kójú yín là, ọkùnrin yẹn ń ta àwọn ọmọ màlúù yín ni." Èmi náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kékeré lọ bá a, wọ́n pè é ní olè lójú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó àwọn màlúù náà kúrò, dókítà ẹran kan ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní brucellosis. Àìsàn yìí máa ń jẹ́ kí oyún màlúù wálẹ̀, pàápàá nígbà tó bá ti dàgbà. Òótọ́ ni ọkùnrin yẹn ń sọ láti ọdún kìíní.

Èyí tó dùn mí jù ni pé brucellosis máa ń ran èèyàn. Ó ń gba inú wàrà tútù tí wọn kò sè wọlé, ó sì ń ran ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán gbé oyún tó wálẹ̀ tàbí ibi ọmọ. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, oríkèé ríro àti àárẹ̀ ló máa ń fà. Oṣù pọ̀ tí darandaran náà ti ń ṣe irú ibà bẹ́ẹ̀, oògùn ibà ẹ̀fọn àti ti táífọ́ọ̀dù ló ń rà lọ́jà.

Ẹ ò rí i pé ẹni tí a pè ní olè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lára màlúù wa ló ti kó àìsàn.

Shika, níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn, NAPRI, ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà, kò jìnnà sí Zaria rárá. Láti ọdún 1928 ni oko ẹran ti wà ní Shika. Ìmọ̀ tó lè parí ìjà wa wà nítòsí, kò sí ẹnì kan nínú wa tó ronú láti lọ béèrè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: báwo ni ìmọ̀ ṣe lè wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀, kó sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀?

Kí ló ń ṣe màlúù tí kò bímọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn náà.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 sí 21 ni abo màlúù tí kò lóyún máa ń wá akọ. Ìgbà tó máa fi gba akọ kò pẹ́. Lára màlúù oníké wa, irú Bunaji funfun tí gbogbo yín mọ̀, ó lè má tó wákàtí 12, òru ló sì máa ń bọ́ sí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí akọ tó dáa kò bá sí láàárín agbo lásìkò yẹn, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn. Tó bá lóyún, oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi gbé e.

Lẹ́yìn tó bá bímọ, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà bọ̀ sípò kó tó tún lè wá akọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn l'Ókè Ọya, koríko gbẹ, omi jìnnà, màlúù ń rìn lójoojúmọ́, ọmọ sì ń fa ọmú rẹ̀. Bó bá ti rù kọjá ààlà, ara rẹ̀ yóò dá ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ màlúù darandaran fi ń sún mọ́ ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bí àkọ́bí wọn, tí àlàfo láàárín ọmọ kan sí èkejì sì lè tó ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹni tó ní abo màlúù 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bímọ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì, yóò rí ọmọ 30 láàárín ọdún mẹ́fà, láìka èyí tó bá kú. Bí àlàfo yẹn bá dín kù sí oṣù 15 péré, ọmọ 48 ni yóò rí. Kò ra màlúù kún tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ilẹ̀ kún ilẹ̀.

Ẹ rántí pé Nàìjíríà ṣì ń kó màlúù wọlé láti Niger àti Chad. Ẹ rántí iye tí wọ́n ń ta kílò ẹran lọ́jà báyìí. Ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ tó ti ta sílẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran nítorí koríko àti omi. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024, lórí ilẹ̀ ìjẹko àti ìjà ni ọ̀pọ̀ ìròyìn wa dá lé. A ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa inú màlúù, níbi tí ọmọ ti ń wá.

Ṣé abẹ́rẹ́ ni yóò tán an?

Àwọn kan máa sọ pé kí a máa gba àtọ̀ akọ màlúù òyìnbó, ká sì máa fi ọwọ́ gbé e sínú abo màlúù wa. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ti yí ẹran ọ̀sìn padà káàkiri àgbáyé. Láti ọdún 1949 tí àwọn oníwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé ohun tí wọ́n ń pè ní glycerol lè dáàbò bo àtọ̀ nínú yìnyín, ó ti ṣeé ṣe láti tọ́jú àtọ̀ akọ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè. Inú afẹ́fẹ́ nitrogen tí wọ́n sọ di omi ni àtọ̀ náà ń gbé, níbi tí òtútù ti tó 196 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Agolo nitrogen náà ń fẹ́ kí wọ́n máa bu kún un. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ màlúù láàárín wákàtí díẹ̀ tó fi ń wá akọ. Bí ọ̀nà kò bá dáa ńkọ́? Bó bá jẹ́ aago méjì òru nínú igbó ńkọ́?

Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tó lè mú kí ọ̀pọ̀ màlúù wá akọ lásìkò kan náà, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá. Bí màlúù náà bá rù, abẹ́rẹ́ yẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tún padà sórí oúnjẹ.

Lọ́dún 1980 sí 1989, àwọn oníwádìí àjọ ILCA, tó ti di apá kan ILRI báyìí, ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ yìí gan-an ní agbègbè Kaduna. Ohun tí wọ́n ní kí darandaran ṣe ni kó sọgbà yí ilẹ̀ díẹ̀ ká, kó gbin ewéko stylosanthes tó ń ṣara lóore síbẹ̀, kó sì fi pamọ́ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ìgbà tí èèyàn fi owó pamọ́ sí báǹkì. Ewéko náà hù, màlúù sì jẹ ẹ́.

Kí ló wá dé tí kò fi kárí? Ọ̀pọ̀ darandaran ni kò ní ilẹ̀ tiwọn. Ta ni yóò sọgbà sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè lé e kúrò lórí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Onímọ̀ ewéko ti ṣe tirẹ̀. Ìdáhùn tó kù wà lọ́wọ́ baálẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti òfin ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan náà wà lára màlúù N'Dama. Òkè Fouta Djallon ní orílẹ̀-èdè Guinea ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Kò ní iké, kò sì ga. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fojú kéré rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù òyìnbó. Ṣùgbọ́n níbi tí eṣinṣin tsetse pọ̀ sí, tí màlúù mìíràn ti ń rù tó sì ń kú, N'Dama máa ń dúró, ó máa ń jẹun, ó sì máa ń bímọ. Nítorí ẹ̀bùn yìí ni wọ́n fi dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní Gambia lọ́dún 1982. Ẹran tó bá ilẹ̀ wa mu ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́.

Ìwádìí tó dé inú agbo

Kí ẹ má baà rò pé ẹkún nìkan ni mo wá sun, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa rinderpest.

Àìsàn yìí pa màlúù nílẹ̀ Áfíríkà débi pé ó sọ odidi ìran di aláìní. Ó tún jà gan-an ní Nàìjíríà lọ́dún 1983. Dókítà ẹran kan, Walter Plowright, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe àjẹsára tó dáa fún un ní Kenya. Ìṣòro tó kù ni pé àjẹsára náà ń fẹ́ fíríìjì, kò sì sí iná níbi tí màlúù wà. Nígbà tó yá, àwọn oníwádìí mìíràn ṣe irú èyí tó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsí yìnyín. Wọ́n kọ́ àwọn darandaran fúnra wọn ní bí wọ́n ṣe ń gún un, wọ́n sì gbé e dé ibi tí mọ́tò kò lè dé.

Lọ́dún 2011, àgbáyé kéde pé rinderpest ti kásẹ̀ nílẹ̀. Òun ni àìsàn kejì tí ọmọ ènìyàn ṣẹ́gun pátápátá. Èkíní ni ṣọ̀pọ̀ná.

Ẹ kíyè sí i o. Àjẹsára àkọ́kọ́ dáa. Àmọ́ nígbà tí ẹnìkan béèrè pé, "Báwo ni èyí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní iná?" ni iṣẹ́ náà tó parí.

Èèyàn san owó láti mú ẹja tí kò ní jẹ

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò nínú oko ká lọ sétí omi.

Ní erékùṣù Rubane, lára àwọn erékùṣù Bijagós ní Guinea-Bissau, ẹnìkan fi ìwọ̀ mú ẹja tarpon kan lóṣù Kẹta ọdún 2003. Ẹja náà wọn nǹkan bí kílò 130. Títí di ìgbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìwọ̀ mú tarpon tó tóbi jù ú lọ. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wa yìí ló ti wá.

Àwọn tó ń wá irú ẹja bẹ́ẹ̀ kì í wá torí ọbẹ̀. Wọ́n ń wọ bàálù láti Yúróòpù, wọ́n ń san owó ilé ìtura, owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ẹni tó mọ ojú omi. Wọ́n á bá ẹja jà, wọ́n á ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì tú u sílẹ̀ padà. Bàbá apẹja kan á ní iṣẹ́ wèrè ni. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé á béèrè pé: èló ni ẹja yẹn?

Ìbéèrè yẹn le, nítorí kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìgbádùn ẹja pípa. Lọ́dún 1947, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Harold Hotelling dá àbá kan. Ó ní kí wọ́n wo bí àwọn èèyàn ṣe rin ìrìn àjò tó kí wọ́n tó dé ibi ìgbafẹ́, àti iye tí wọ́n ná sójú ọ̀nà. Iye tí èèyàn gbà láti ná kó tó débẹ̀ ń fi hàn bí ibẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì sí i tó. Títí dòní, ọ̀nà yìí wà lára èyí tí àwọn oníwádìí fi ń wọn èrè ẹja pípa fún ìgbafẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá rèé. Bí ìjọba bá ka kílò ẹja nìkan, ọkọ̀ ńláńlá tó ń fi àwọ̀n gbá ìsàlẹ̀ òkun ni yóò máa gba ìwé àṣẹ, torí kílò tirẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ka owó tí ẹja kan tó wà láàyè ń mú wọlé lọ́dọọdún, ìṣirò lè yí padà. Ṣùgbọ́n oníwádìí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dúró síbẹ̀. Yóò tún béèrè pé: nínú owó tí àlejò san, èló ló dúró sí erékùṣù náà, èló ló sì ti kù sí Yúróòpù kí bàálù tó gbéra? Wọ́n gba Bijagós wọlé sínú ogún àgbáyé UNESCO lọ́dún 2025. Ìbéèrè yẹn á túbọ̀ máa lágbára sí i.

Argungu: ìṣirò tó kọjá kílò

Kò dìgbà tí a bá dé Guinea-Bissau. Ní Argungu, ìpínlẹ̀ Kebbi, ọdún 1934 ni àjọ̀dún ẹja pípa ti bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wà yìí, nígbà tí Sultan Sokoto wá ṣe àbẹ̀wò láti fi hàn pé ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàárín Sokoto àti Kebbi ti parí. Lọ́dún 2016, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lára àṣà tó yẹ kí àgbáyé dáàbò bò.

Gbogbo wa ti rí fọ́tò rẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó ya lu odò Matan Fada lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè. Ẹja ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi, ni wọ́n ń lé. Lọ́dún 2005, èyí tó gbégbá orókè wọn kílò 75. Lọ́dún 2020, kílò 78 ni.

Ohun tí fọ́tò kì í fi hàn ni ìṣọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú odò náà kí ọjọ́ àjọ̀dún tó pé. Sarkin Ruwa, olórí omi, ló ń mójútó o. Kí àwọn oníwádìí tó máa kọ̀wé pé ó yẹ kí wọ́n máa ti odò fún ìgbà díẹ̀ kí ẹja lè bímọ kó sì dàgbà, àwọn ará Argungu ti ń ṣe é. Lọ́dún 2006 tí omi fà, wọn kò pẹja.

Nígbà tí ètò ààbò mẹ́hẹ, àjọ̀dún náà dáwọ́ dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó padà lọ́dún 2020. Ta ló ka ohun tó bá a lọ? Ìyá tó ń ta fúrá, ọlọ́kadà, onílé tó ń gba àlejò, ẹni tó ń hun àwọ̀n, àgbẹ̀ tó ń gbin akèrègbè: orúkọ wọn kò sí nínú ìṣirò kílò ẹja. Wọn kò lọ sọ́fíìsì kankan lọ fẹ̀hónú hàn. Owó kan ṣáà dẹ́kun láti wọlé ni. Iṣẹ́ ìwádìí ọrọ̀ ajé ni láti ka irú wọn, iṣẹ́ tiwa akọ̀ròyìn sì ni láti béèrè ìṣirò náà.

Kí ni kí ẹ mú lọ?

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn, tí ẹ bá parí ìwádìí yín, ẹ wá ẹni tó ni màlúù tàbí odò náà lọ. Ẹ sọ ọ́ fún un ní Fulfulde, ní Hausa, ní èdè tó gbọ́. Bí kò bá lè lò ó, ẹ bi í léèrè ìdí. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ ni kò ní, ó lè jẹ́ iná, ó lè jẹ́ owó. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ara ìwádìí yín.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, tí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹnìkan jalè màlúù, tàbí pé apẹja báyìí ló pa ẹja odò tán, ẹ béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi fà. Ẹ̀sùn máa ń yára ju àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ.

Àti gbogbo wa: ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa se wàrà kí ẹ tó mu ún.

Bàbá Kékeré ra obì gooro, wọ́n sì wá darandaran náà lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi wá a, torí ó ti kó agbo rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Funtua. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tí wọ́n ti pè é ní olè lójú wọn. Wọ́n mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì sọ fún dókítà ibẹ̀ pé kó yẹ̀ ẹ́ wò fún àìsàn màlúù. Oògùn tó lò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ibà náà sì fi í sílẹ̀.

Ó gba obì. Ó ní òun ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n kò gba màlúù wọn sìn mọ́.